Ìtàn ìbò ẹkùn Ògo-Olúwa/Surulere: ẹ jẹ́ ká tò ó láti ibùdó ìdìbò wá

Akọ̀wé Ẹkùn:
Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ kan ni mo gbé wá síwájú yín. Mo fẹ́ ká jọ to ìtàn ìbò ẹkùn tó ń rán aṣòfin kan ṣoṣo láti ìjọba ìbílẹ̀ Ògo-Olúwa àti Surulere lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa kò ju orúkọ àwọn tó wọlé lọ, ẹnu kò sì kò lórí rẹ̀. Orúkọ ẹni tó wọlé nìkan kì í ṣe ìtàn. Wọ́ọ̀dù wo ló gbé e wọlé? Èwo ló kọ̀ ọ́? Ibùdó wo ni wọn kò ti dìbò rárá, kí ló sì fà á? Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Wọ́ọ̀dù 20 la ní. Mo kọ orúkọ wọn bí INEC ṣe ń kọ ọ́, láìfi àmì sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe bá a nínú ìwé. Ti Ogo-Oluwa: Ajaawa I, Ajaawa II, Ayede, Ayetoro, Idewure, Lagbedu, Mowolowo/Iwo-Ate, Odo-Oba, Opete, Otamokun. Ti Surulere: Arolu, Baya-Oje, Gambari, Ilajue, Iregba, Iresa-Adu, Iresa-Apa, Iwofin, Mayin, Oko.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹ óò rí Iresa-Adu, Iresaadu àti Iresa Adu. Ẹ óò rí Ajaawa àti Ajawa. Ẹni tó bá fi ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì ló máa rí, á sì rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi nọ́ńbà ibùdó ìdìbò wá a. Ọ̀nà mẹ́rin ni nọ́ńbà náà pín sí: ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù, ibùdó. 30 ni ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orúkọ lè yí, ẹlòmíì lè ṣì í kọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló ń so ọdún kan mọ́ òmíràn.

Onísirò:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí a tó dé orí ìbò, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹkùn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìkànìyàn 2006, Surulere ní ènìyàn 142,070, Ògo-Olúwa ní 65,184. Àpapọ̀ jẹ́ 207,254. Gbogbo ìpínlẹ̀ jẹ́ 5,580,894. Ẹ pín ìyẹn sí àga 32 tó wà nílé aṣòfin, ẹ óò rí nǹkan bí 174,400 fún àga kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn wa kọjá iye yẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ Gúúsù tó ní 100,815 ní àga kan tirẹ̀, Oríire tó ní 150,628 ní àga kan, Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá tó ní 198,720 náà ní kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohùn ènìyàn méjì ní Iwofin tàbí Lagbedu fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn bákan náà pẹ̀lú ohùn ènìyàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ Gúúsù, tó bá di ti ilé aṣòfin. Abala 113 òfin orílẹ̀-èdè 1999 sì ní kí iye ènìyàn àwọn ẹkùn ìpínlẹ̀ sún mọ́ ara wọn tó bó ṣe lè ṣeé ṣe.

Nǹkan kejì tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí: ilẹ̀ kan náà yìí, láìdín láìlé, ni ẹkùn ilé aṣojú-ṣòfin àpapọ̀ wa. Ògo-Olúwa/Surulere ń rán ẹnì kan lọ sí Àbújá, ó sì ń rán ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn. Àwọn aládùúgbò wa, Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, Gúúsù àti Oríire, jọ ń rán ẹnì kan lọ sí Àbújá, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n ń rán lọ sí Ìbàdàn. Ẹ tún wo ti sẹ́nétọ̀: Ògbómọ̀ṣọ́ méjèèjì àti Oríire wà ní Ọ̀yọ́ Àríwá, àwa wà ní Ọ̀yọ́ Àárín pẹ̀lú Atìbà, Afijió, Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá àti àwọn yòókù. Ọjà wa, ilé ìwé wa, ọ̀nà wa, Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo rẹ̀ kọjú sí, ìbò sẹ́nétọ̀ wa sì wà níbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ ìtàn yìí kò gbọdọ̀ kó èsì sẹ́nétọ̀ Ọ̀yọ́ Àríwá wá fi ṣàlàyé wa. Àṣìṣe yẹn pọ̀.

Ọmọ Àjàáwà:
Onísirò, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò gan-an. Wọ́ọ̀dù 10 ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́ọ̀dù 10 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n ènìyàn kò dọ́gba: Surulere lé ní ìlọ́po méjì wa.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fi aṣojú ṣe ìdìbò abẹ́lé, tí wọ́n sì mú iye aṣojú kan náà láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, Ògo-Olúwa àti Surulere dọ́gba nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ẹni tiwa lè gba tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Bó bá di ọjọ́ ìbò gbogboogbò, orí ni wọ́n ń kà, ìdọ́gba yẹn sì ti lọ. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe ìdìbò abẹ́lé gbangba, níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dìbò, ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé nìyẹn. Òfin ìdìbò 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìbò 2023, gba ọ̀nà mẹ́ta ní abala 84: gbangba, aṣojú, àti ìfẹnukò. Ẹ jọ̀ọ́, kí tábìlì wa ní ibi tí a ó ti kọ irú ìdìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́dún kọ̀ọ̀kan àti ìlú tí olùdíje ti wá. Láìsí ìyẹn, a kò ní lóye ìdí tí wọ́ọ̀dù kan fi sá fún ẹgbẹ́ tó ti ń dìbò fún tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé kí ipò máa yípo láàárín ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, kò sí nínú òfin ìdìbò kankan. Àdéhùn ẹnu ni níbikíbi tó bá ti wà. Ẹ má kọ ọ́ bíi pé òfin ni.

Bàbá Ìrẹsà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kó jọ pé 1999 ni ìbò bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, Ilé Aṣòfin wà ní Ìbàdàn. Ìbò 26 Oṣù Karùn-ún 1956 jẹ́ ti àga 80: Action Group mú 48, NCNC mú 32. S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, di olórí ìjọba ẹkùn náà ní Oṣù Kejìlá 1959, ó sì wà níbẹ̀, àyàfi oṣù díẹ̀ ní 1962 tí wọ́n yọ ọ́, títí àwọn ológun fi pa á ní 15 Oṣù Kìíní 1966. Ìbò 11 Oṣù Kẹwàá 1965 ló bí rògbòdìyàn tí gbogbo ayé mọ̀ sí wẹ́tìẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àkọsílẹ̀ àsìkò yẹn, ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kó gbà lọ, àti ilé ìkàwé Kenneth Dike nínú ọgbà kan náà fún àwọn ìwé ìròyìn Tribune àti Daily Sketch. Orúkọ ẹkùn ìgbà náà kò bá tòní mu. Ẹ máa wá Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀; ẹ kò ní rí Ògo-Olúwa/Surulere.

1979: ọjọ́ ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni 21 Oṣù Keje. Ọ̀yọ́ àtijọ́ nìyẹn, pẹ̀lú Ọ̀ṣun nínú rẹ̀. Àga 126 ló wà nílé aṣòfin, nítorí 42 la ní nílé aṣojú-ṣòfin, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. UPN mú 117, NPN mú 9. Ẹ kíyè sí i: àga pọ̀ nígbà náà, ẹkùn kéré, aṣòfin kan kò ní ilẹ̀ tó gbòòrò báyìí láti ṣojú fún. Ní 1983, Omololu Olunloyo ti NPN gba ipò gómìnà lọ́wọ́ Bọ́lá Ìgè, àwọn ológun sì gbàjọba ní 31 Oṣù Kejìlá ọdún náà.

Wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 27 Oṣù Kẹjọ 1991. Ìbò 14 Oṣù Kejìlá 1991 ni ti ilé aṣòfin àkọ́kọ́ nínú Ọ̀yọ́ tó rí bó ṣe rí lónìí. SDP àti NRC nìkan ló wà. Títò sẹ́yìn ni wọ́n fi dìbò: ènìyàn á tò sẹ́yìn ẹgbẹ́ tó fẹ́, wọ́n á kà wọ́n sójú gbogbo ayé. Nítorí náà, ẹ má wá iye ìwé ìbò tó bàjẹ́ fún 1991. Kò sí ìwé ìbò. Sani Abacha tú ilé náà ká ní Oṣù Kọkànlá 1993.

Àwọn kan máa ń fo èyí: ní 6 Oṣù Kejìlá 1997, wọ́n dìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lábẹ́ Abacha, ẹgbẹ́ márùn-ún, UNCP, CNC, NCPN, DPN àti GDM. Wọn kò wọlé jókòó rí. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan "wọlé ní 1997", òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n kò ṣòfin fún ọjọ́ kan.

Éjẹ́ǹtì Wọ́ọ̀dù:
Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ sórí ìwé náà fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ya fọ́tò rẹ̀ láìmọ bí a ṣe ń kà á.

Fọ́ọ̀mù EC8A ni ti ibùdó ìdìbò. EC8B ni ti wọ́ọ̀dù, EC8C ti ìjọba ìbílẹ̀, EC8E ni èyí tí wọ́n fi ń kéde ẹni tó wọlé. Nọ́ńbà kékeré máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àkámọ́ láti fi irú ìbò hàn, ẹ wò ó dáadáa, torí gómìnà àti ilé aṣòfin ọjọ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń dì. Ìwé méjèèjì jọra bí ìbejì. Ẹni tó bá kánjú á kó ìbò gómìnà sínú tábìlì aṣòfin.

Lókè EC8A, ìlà mẹ́jọ ló wà: (1) iye orúkọ tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, (2) iye tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí, (3) iye ìwé ìbò tí wọ́n kó wá, (4) èyí tí wọn kò lò, (5) èyí tó bàjẹ́ kó tó wọ àpótí, (6) èyí tí wọ́n kọ̀ nígbà kíkà, (7) ìbò tó dára, (8) àpapọ̀ ìwé tí wọ́n lò. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́, ìbò ní nọ́ńbà, ìbò ní ọ̀rọ̀, orúkọ éjẹ́ǹtì àti ọwọ́ rẹ̀.

Ìdánwò mẹ́ta ni kí ẹ ṣe. Ìlà 5, 6 àti 7 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà 8. Ìlà 4 àti 8 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà 3. Ìlà 6 àti 7 kò gbọdọ̀ ju ìlà 2 lọ. Àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe ti ibùdó kankan: wọ́n kó ìwé 500 wá, 338 kù, 2 bàjẹ́, wọ́n kọ 5, 155 dára. 2 + 5 + 155 jẹ́ 162. 338 + 162 jẹ́ 500. Ìlà 2 jẹ́ 160, 5 + 155 náà jẹ́ 160. Ìwé yẹn mọ́. Bí ìlà 2 bá jẹ́ 150, ìbò ti ju àwọn tó wá dì í lọ nìyẹn, abala 51 òfin 2022 sì ní kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó bẹ́ẹ̀.

Kí ló sábà máa ń bàjẹ́? Ọ̀kan: ẹ̀dà ni éjẹ́ǹtì àti ọlọ́pàá ń gbà, bébà kábọ́ọ̀nù ló ń mú un jáde. Bí ọ̀gá ibùdó kò bá tẹ bírò mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀dà karùn-ún tàbí ìkẹfà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun báláú, 1 á dà bíi 7, 0 á dà bíi 6. Ẹ gbára lé ìbò tí wọ́n kọ ní ọ̀rọ̀ nígbà tí nọ́ńbà bá ṣú. Èkejì: wọ́n máa ń kọ ìlà 7 sí ìlà 8. Ìyẹn kì í ṣe ojóóró nígbà gbogbo, àárẹ̀ àti òkùnkùn ni. Ní abúlé tí kò sí iná, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ fi àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ṣe pàtàkì jù: ibùdó tí wọ́n fagi lé tàbí tí wọn kò ti dìbò kò ní EC8A tó wúlò. Fọ́ọ̀mù EC40G ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìwé ibùdó kan, ẹ má kọ 0. Òdo túmọ̀ sí pé wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ náà kò sì rí nǹkan kan. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ọmọ LAUTECH:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, mo rí ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìbò 2015 nínú ìwé ìròyìn, èwo ni ká mú? Èkejì, ṣé kì í ṣe pé PDP ni agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà Àlàó-Àkálà, tí a kàn lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká sì kọjá?

Akọ̀wé Ẹkùn:
Àbúrò, ìbéèrè tó dára ni méjèèjì.

Ọjọ́ ìbò ilé aṣòfin láti 1999: 9 Oṣù Kìíní 1999, 3 Oṣù Karùn-ún 2003, 14 Oṣù Kẹrin 2007, 26 Oṣù Kẹrin 2011, 11 Oṣù Kẹrin 2015, 9 Oṣù Kẹta 2019, 18 Oṣù Kẹta 2023. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yìí, wọ́n sún gbogbo wọn síwájú. Ti 2015, 28 Oṣù Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ti 2019, 2 Oṣù Kẹta. Ti 2023, 11 Oṣù Kẹta, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ kan kún un kí wọ́n lè tún ẹ̀rọ BVAS, èyí tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, tò lẹ́yìn ìbò ààrẹ. Ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó sún un á gbé ọjọ́ tí ìbò kò wáyé fún yín.

Ẹ wo 2003 dáadáa. Ọdún yẹn nìkan ni wọ́n ya aṣòfin sọ́tọ̀ kúrò lára gómìnà: gómìnà 19 Oṣù Kẹrin, aṣòfin 3 Oṣù Karùn-ún. Nígbà tí àwọn olùdìbò mọ ẹni tó ti wọlé gómìnà, wọ́n tún lọ dìbò aṣòfin. Kò yẹ ká fi iye tó jáde ọdún náà wé ti àwọn ọdún yòókù láìsọ èyí.

Ti PDP: rárá, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ipò gómìnà: 1999, AD ló gba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú Lam Adéṣínà. 2003, PDP pẹ̀lú Ládọjà. 2007, PDP pẹ̀lú Àlàó-Àkálà tiwa. 2011, Ajímọ̀bí ti ACN ní 420,852, Àlàó-Àkálà 387,132, Ládọjà tó lọ sí Accord 275,773. Ilé aṣòfin ọdún yẹn: ACN 13, PDP 12, Accord 7. Ẹgbẹ́ kankan kò ní 17. Ẹ wo bí àga abúlé kan ṣe wọn tó nígbà yẹn! Monsurat Sunmonu tó ṣojú Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn Ọ̀yọ́ ló di abẹnugan, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa.

Lẹ́yìn náà ni 2015. Àlàó-Àkálà kúrò nínú PDP, ó gbé àsíá Labour Party. Káàkiri ìpínlẹ̀, Labour ní 184,111 fún gómìnà, PDP ní 79,019. Ẹgbẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ níbí tẹ́lẹ̀ fi ìlọ́po méjì kọjá ẹgbẹ́ tó ti jọba. Ènìyàn ni àwọn olùdìbò tẹ̀lé. Nítorí náà, ẹ má fi àwọ̀ ẹgbẹ́ nìkan ya àwòrán ẹkùn wa. Ẹ kọ orúkọ olùdíje gómìnà ọjọ́ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 2019 ìpínlẹ̀ padà sọ́dọ̀ PDP pẹ̀lú Ṣèyí Mákindé, 515,621 sí 357,982 ti Adélabú.

Onísirò:
Kí n fi ọ̀rọ̀ ibùdó kún un, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dojú rú. Ní 2021 INEC sọ àwọn ojúkò ìdìbò, ìyẹn àwọn ìpín tó wà lábẹ́ ibùdó ńlá, di ibùdó tó dá dúró. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè, 119,973 tó ti wà láti 1996 di 176,846. Ní Ọ̀yọ́, 4,783 di 6,390. Ibùdó 1,607 tuntun nìyẹn.

Bí ẹ bá rí i pé ibùdó kan ní ìbò 300 ní 2019, tó wá ní 120 ní 2023, ẹ má sáré kọ ọ́ pé ìbò ti sú àwọn ènìyàn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé e sí méjì, ìyókù sì wà ní ẹ̀yìn ilé ìwé kejì. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó dájú ni kí a má fi ibùdó wé ibùdó kọjá 2021. Wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù ni kí a fi wé. Wọ́ọ̀dù kò yí, 351 ló wà ní ìpínlẹ̀, 20 ni tiwa.

Agbẹjọ́rò Ọ̀yọ́:
Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn nǹkan òfin kan wà nínú àkọsílẹ̀ náà, torí ẹni tí wọ́n kéde lálẹ́ ọjọ́ ìbò lè má jẹ́ ẹni tó lo àga náà tán.

Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lórí ìbò aṣòfin ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí wọ́n kéde èsì. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò ní ọjọ́ 180 láti ṣèdájọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60. Ibẹ̀ ló parí sí fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Kì í dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Nítorí náà, fún ìbò kọ̀ọ̀kan láti 2011, ẹ wo oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìbò kí ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹjọ́ tó jẹ mọ́ ìdìbò abẹ́lé yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lábẹ́ òfin 2022.

Àga tún lè ṣófo láàárín. Ẹ wo Ìbàràpá Ìlà Oòrùn, ẹkùn abúlé bíi tiwa, Ẹ̀rúwà àti Lánlátẹ̀. Michael Adeyemo, abẹnugan ilé, APC, kú ní 27 Oṣù Kẹrin 2018. Wọ́n dìbò láti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ ní 2 Oṣù Kẹfà 2018, Debo Ogundoyin ti PDP sì wọlé nígbà tí APC ṣì ń ṣe gómìnà. Ó tún wọlé ní 2019, ó di abẹnugan ní Oṣù Kẹfà ọdún náà. Bí tábìlì ẹnì kan bá ní ìlà kan ṣoṣo fún 2015 sí 2019 ní ẹkùn yẹn, ó ti pàdánù ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìlà kan fún ìbò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún ọdún mẹ́rin-mẹ́rin.

Ẹni tó bá sì ń bèèrè pé kí ni aṣòfin kan láti Ajaawa tàbí Iresa-Adu lè ṣe nínú 32, kó wo 12 Oṣù Kìíní 2006. Aṣòfin 18 ni wọ́n ní wọ́n yọ gómìnà Ládọjà nípò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 lé díẹ̀ ní 21, ó ní láti jẹ́ 22. Ènìyàn mẹ́rin ló dín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà sípò ní Oṣù Kejìlá 2006. Aṣòfin ẹkùn wa wà lára àwọn 32 náà, ó sì yẹ kí àkọsílẹ̀ wa sọ ẹ̀gbẹ́ tó wà, kí a sì fi ìwé ilé aṣòfin jẹ́rìí sí i kí a tó kọ ọ́.

Ọmọ Àjàáwà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo la ṣe ń rí àwọn ìwé náà gbà lọ́wọ́ INEC bí a kò bá sí nílé ẹjọ́?

Agbẹjọ́rò Ọ̀yọ́:
Òfin òmìnira ìròyìn 2011. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì INEC ní Ìbàdàn, ẹ dárúkọ ọdún, ẹkùn, irú fọ́ọ̀mù àti wọ́ọ̀dù. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un. Ẹ má kọ "gbogbo èsì láti 1999". Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ bèèrè EC8B wọ́ọ̀dù 20 fún ọdún kan ṣoṣo nínú lẹ́tà kan. Kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà yín, kó kọ ọjọ́ sí i. Ti 2023 kò nílò lẹ́tà: fọ́tò EC8A wà lórí IReV, ojú òpó INEC, ẹ yan ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, Ọ̀yọ́, lẹ́yìn náà ẹkùn wa.

Éjẹ́ǹtì Wọ́ọ̀dù:
Ẹ má gbàgbé pé ìbò káńsù kò sí lọ́wọ́ INEC. OYSIEC, àjọ ìdìbò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ṣe ti 12 Oṣù Karùn-ún 2018, 15 Oṣù Karùn-ún 2021 àti 27 Oṣù Kẹrin 2024. Ẹ fi sí ojú ewé mìíràn. Ẹgbẹ́ tó bá wà nípò gómìnà ló máa ń kó o lọ, bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ti aṣòfin, á jọ pé wọ́ọ̀dù ń yí padà lọ́dọọdún.

Bàbá Ìrẹsà:
Òótọ́ ni. Ẹ sì jẹ́ kí fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ kọ, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bébà ẹ̀dà yẹn ń ṣí lọ́dọọdún; ti 2003 tó wà nínú àpò ike lábẹ́ ibùsùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Ẹ yà á lójú oòrùn àárọ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ má tan iná fóònù sí i.

Akọ̀wé Ẹkùn:
Mo ti ṣí tábìlì náà. Òpó tó wà nínú rẹ̀: ọjọ́ ìbò, irú ìbò, wọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ibùdó, ìlà 1 sí 8, ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, olùdíje gómìnà ọjọ́ náà, irú ìdìbò abẹ́lé, àkíyèsí, fọ́tò. 2023 la ó kọ́kọ́ ṣe torí ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọmọ Àjàáwà, ẹ mú Ajaawa I àti II. Éjẹ́ǹtì Wọ́ọ̀dù, ẹ gba Iwofin àti Mayin. Ọmọ LAUTECH, Oko ni tìẹ. Bí ìlà 5, 6 àti 7 kò bá jẹ́ ìlà 8 níbì kan, fi pupa kun ojú rẹ̀, má ṣe pa á rẹ́. Lẹ́tà 2019 ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí, màá gbé e síbí kí Agbẹjọ́rò wò ó kí n tó mú un lọ sí Ìbàdàn.